Lé àti Dé: Àwọn Tí Wọ́n Lé Kúrò ní Màrókò àti Otodo-Gbame nínú Eré, Ìtàn Àròsọ àti Fíìmù

Orúkọ méjì ni ìròyìn Yorùbá, ti orí rédíò àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, sábà máa ń pe ẹni tí kò ní ibi tí yóò forí lé sùn. Ọ̀kan ni aláìnílélórí. Èkejì ni ogunléndé. Bí àwọn agbébọn bá lé àwọn ará abúlé kan ní Borno kúrò nílé, ogunléndé ni wọ́n. Bí kátapílà ìjọba bá wó àdúgbò kan palẹ̀ létí ọ̀sà Èkó, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ wá ń sùn nínú ọkọ̀ ojú omi àti lábẹ́ afárá, aláìnílélórí ni wọ́n dà. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ló wà láàárín orúkọ méjèèjì. Odidi gbólóhùn ló wà nínú ogunléndé: ogun lé ni dé. Olùwà wà níbẹ̀, àbọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì sì wà níbẹ̀. Ní ti aláìnílélórí, àìní nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó sọ ohun tí ènìyàn kò ní. Kò sọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi bí ẹni pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Èdè náà kò sì tíì dá ìjọbaléndé sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1990 wá, ẹ̀wádún kan kò tíì kọjá ní Èkó tí a kò nílò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì inú ogunléndé, lé àti dé, wúlò fún lámèyítọ́ ju bí wọ́n ṣe rí lójú lọ. Ìbéèrè méjì ni wọ́n gbé ka iwájú iṣẹ́-ọnà èyíkéyìí tó bá dá lórí àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé: ta ló lé wọn, níbo sì ni wọ́n dé? Iṣẹ́ mẹ́ta tó jáde láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ó yẹ kí a bi ní ìbéèrè yìí papọ̀. Àkọ́kọ́ ni eré Wọlé Ṣóyínká, The Beatification of Area Boy (1995). Èkejì ni ìtàn àròsọ Chris Abani, GraceLand (2004). Ẹ̀kẹta ni fíìmù The Legend of the Vagabond Queen of Lagos (2024), tí ẹgbẹ́ Àgbájọwọ́ ṣe. Àwọn òǹkàwé ti yin àwọn méjì àkọ́kọ́ gan-an nítorí pé wọ́n dáhùn ìbéèrè kìn-ín-ní láìbẹ̀rù. Ìbéèrè kejì ni wọ́n kọsẹ̀ lára rẹ̀, ìyẹn kò sì gba àfiyèsí tó bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe àjèjì sí ìtàn Yorùbá. Púpọ̀ nínú ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá ń fi yangàn lónìí, àgọ́ ni wọ́n nígbà kan rí. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, àwọn tí ogun lé sá wá sí apá gúúsù. Àgọ́-Ọ̀jà ni púpọ̀ wọn dé, ibẹ̀ ni Àtìbà sì sọ di Ọ̀yọ́ tuntun ní àwọn ọdún 1830. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun tó wá láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ dó sí abúlé Ẹ̀gbá kan tó ti dahoro. Ìbàdàn ni ibẹ̀ dà. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n lé dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, wọ́n sì gbé orúkọ ìlú wọn tó ti run fún àdúgbò tuntun tí wọ́n tẹ̀ dó. Àgọ́-Ìwòyè ń jẹ́ Àgọ́ di òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àgọ́-Àrẹ àti Àgọ́-Àmọ̀dù ní Òkè-Ògùn. Kò sí ọmọ ìlú kankan nínú wọn tí ojú ń tì láti dárúkọ ìlú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí nínú The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ni pé òpìtàn náà kò dágbére fún àwọn ìsáǹsá lẹ́yìn tí ilé wọn jó. Ó tẹ̀lé wọn. Ó sọ ẹni tó fún wọn ní ilẹ̀, ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí, aáwọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín onílẹ̀ àti àtìpó. Ẹni tó bá rò pé dídé rọrùn, kí ó ka ohun tó kọ nípa Modákẹ́kẹ́. Dídé lè gba ìran mẹ́ta kó tó parí, ó sì lè mú ogun mìíràn wá. Síbẹ̀, ojú tí Johnson fi wo àgọ́ ni ojú ìbẹ̀rẹ̀: ibi tí ìtàn ti ń ṣí, kì í ṣe ibi tí ó ti ń parí. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá òde òní náà. Lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àgọ́ àdúrà ti di ìlú tó ní ilé-ìfowópamọ́, ilé-ìwé àti iná mànàmáná tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó rán kátapílà síbẹ̀. Òtítọ́ ni pé àgọ́ tó ní ìwé ilẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ ní Màrókò.

Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n wó Màrókò. Ọjọ́ méje ni ìkìlọ̀ tí wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀. Iye tí àwọn tó kọ nípa rẹ̀ sábà máa ń dá ni 300,000 ènìyàn. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, ó dọ̀tí, omi lè bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Victoria Island ni Màrókò wà, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé àwọn ọlọ́rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n ní omi yóò bò. Díẹ̀ nínú àwọn tó ní ilé níbẹ̀ ni wọ́n pín sí àwọn ilé ìjọba tí kò tíì parí ní Ilasan àti Ikota. Àwọn ayálégbé, tí wọ́n pọ̀ jù, wá ọ̀nà ara wọn.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni The Beatification of Area Boy gun orí ìtàgé ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ti sá kúrò ní Nàìjíríà nítorí ìjọba Abacha. Òǹkọ̀wé tí wọ́n lé kúrò nílé ló ń kọ̀wé nípa àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé, níwájú àwọn òǹwòran tí kò mọ Màrókò. Ìdájí ni eré náà bẹ̀rẹ̀, níwájú ilé ìtajà ńlá kan ní Èkó. Àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ, onígbàjámọ̀ ń to irinṣẹ́ rẹ̀, olóúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Mama Put ń dáná. Ojú ọ̀run ní àrà lára lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn wò ó, ó yà wọ́n lẹ́nu, ó tilẹ̀ wu àwọn kan. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wò bí ẹwà òwúrọ̀, iná Màrókò ni. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa ìwólulẹ̀ náà, bóyá ni ọgbọ́n kan wà tó ju èyí lọ. Ó mú òǹwòran jẹ̀bi kó tó mọ ẹjọ́. Ó fi ibi tí ìlú tó kù dúró sí hàn: òkèèrè, níbi tí iná ilé ẹlòmíràn ti lè dà bí àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ní ti ẹni tó lé wọn, Ṣóyínká kò bo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ológun ni, wọ́n wọ aṣọ ogun wọn wá sórí ìtàgé, ọ̀gá kan láàárín wọn sì ń fi iṣẹ́ ìléni náà fọ́nnu bí ẹni tó ṣẹ́gun. Àwọn ará Màrókò ń kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, akọrin ń kọrin nípa wọn, àsìkò kan náà sì ni ìgbéyàwó ọmọ gómìnà ológun ń lọ lọ́wọ́ níwájú ilé ìtajà yẹn. Ọ̀nà kan náà ni aláyọ̀ àti ìsáǹsá ń gbà. Lé wà nínú eré yìí ní kíkún.

Kí a tó béèrè dé, ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí àkọlé rẹ̀. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì Èkó ń pè ní area boy, ọmọ ìta ni Yorùbá ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àdúgbò. Yorùbá gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìta ni òdìkejì ilé, onílé nìkan ló sì lè sọ ẹlòmíràn di ọmọ ìta. Ohun tí Ṣóyínká wá ṣe ni pé ó gbé gbogbo eré náà kalẹ̀ ní ìta, ó sì sọ ìta di agbo ilé. Níwájú ilé ìtajà yẹn, wọ́n ń jẹun papọ̀, wọ́n ń fá irun fún ara wọn, wọ́n ń parí ìjà, wọ́n ń tọ́jú ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Adájọ́, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé mọ́, tí ojú pópó jẹ́ ilé fún. Sanda, ẹ̀ṣọ́ ilé ìtajà tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ìta, ni olórí agbo ilé náà, pẹ̀lú gbogbo ìwà jìbìtì tó ń fi bọ́ wọn. Kódà, ogunléndé ni Mama Put ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an: ogun abẹ́lé ló lé e dé Èkó, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn tó kù láti ìgbà ogun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe oúnjẹ. Àpẹẹrẹ dídé tó péye nìyí. Obìnrin tí ogun lé ti rí ibi dáná sí, ààrò rẹ̀ sì ti di ojúbọ àdúgbò.

Eré náà mọ bí ènìyàn ṣe ń dé, nígbà náà. Kò kàn fún àwọn ará Màrókò ní irú rẹ̀ ni. Àwọn tó wà níwájú ilé ìtajà ló fún ní ìtàn ara ẹni, àlá, àwàdà àti ọ̀rọ̀ ẹnu; agbo ni àwọn ará Màrókò jẹ́ ju ẹni kọ̀ọ̀kan lọ, ìkọjá sì ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà òǹkọ̀wé yóò sọ pé eré ọjọ́ kan ṣoṣo ni, pé ìtàgé kò lè tẹ̀lé ènìyàn dé Ilasan. Àwíjàre náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni kan péré tó bá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò Mama Put, tó sì béèrè bóyá àyè wà, ì bá ti yí gbogbo eré náà padà. Ìbéèrè tí òpìtàn Modákẹ́kẹ́ mọ̀ dáadáa ì bá ti wọ orí ìtàgé: ṣé agbo ilé àwọn ọmọ ìta lè gba àlejò, àbí àwọn tó ti dé ṣáájú ni yóò kọ́kọ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Ìwà rere àwọn ọmọ ìta nínú eré náà dùn ún wò nítorí pé wọn kò fi àìrígbé ẹlòmíràn dán an wò.

Màrókò ti Abani kì í ṣe èéfín lókèèrè. Inú rẹ̀ ni GraceLand ń gbé: òjò, ẹrẹ̀, omi dídúró lábẹ́ ilé onípákó, pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Elvis Oke, ọmọkùnrin tó wá láti Afikpo, ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú Sunday bàbá rẹ̀, ó sì ń fi àfarawé Elvis Presley wá owó lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ẹni tó bá ka ìdajì àkọ́kọ́ ìwé náà yóò mọ ohun tí ìròyìn kì í sọ nípa irú àdúgbò bẹ́ẹ̀: pé àwọn ènìyàn ń ya ìwé kà níbẹ̀, wọ́n ń wo sinimá, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n ń jowú. Ìyá Elvis, Beatrice, tó ti kú, fi ìwé kan sílẹ̀ tó kún fún bí a ṣe ń se oúnjẹ àti ohun tí ewé ń ṣe. Àyọkà láti inú rẹ̀ ló pín orí ìwé náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn lámèyítọ́ ti fi àyọkà wọ̀nyí sùn pé wọn kò bá ìtàn mu. Ẹ̀sùn náà kò tọ́. Ilé tí ènìyàn lè dì mọ́ra sá lọ ni ìwé ọbẹ̀ jẹ́, ibi tí wọ́n ti ń wó ilé sì ni ó ti yẹ kí ó wà.

Ibi tí ọwọ́ Abani ti dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó lé wọn. Ìwé náà gbé ìwólulẹ̀ Màrókò sí ọdún 1983, ọdún méje ṣáájú ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ lómìnira láti yí ọdún padà, kò sí ẹni tó lè bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tí ìyípadà náà gbé lọ ló yẹ kí a wò. Ìkìlọ̀ ọjọ́ méje lọ, iye owó ilẹ̀ lẹ́bàá Victoria Island lọ, ìyàtọ̀ láàárín onílé àti ayálégbé náà lọ. Ohun tó kù ni Colonel, ìkà ènìyàn tó ń fi ìyà jẹni nítorí pé ìyà ń dùn mọ́ ọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń dẹ́rù bani lórí ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú rẹ̀ ló wó Màrókò. Ẹni tó mọ iye tí ilẹ̀ ń tà ló wó o, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́ nílé rẹ̀.

Ní ti dé, Abani lọ jìnnà ju Ṣóyínká lọ. Elvis kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wó àdúgbò náà. Sunday kọ̀ láti kúrò, ó sì kú síbẹ̀. Àwókù àti òkú bàbá rẹ̀ ni Elvis padà wá bá. Lẹ́yìn èyí ló dé abẹ́ afárá, ibi tí ìwé náà ń pè ní Bridge City, láàárín àwọn atọrọjẹ, àwọn ọmọ aláìlóbìí àti àwọn tí ìlú ti gbàgbé. Ojú ewé wọ̀nyí kò pọ̀, wọ́n sì wà lára èyí tó lágbára jù nínú ìwé náà. Abẹ́ afárá ní òfin, ó ní iṣẹ́ tí a ń pín, ó ní ẹni tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Àgọ́ ni, ní ìtumọ̀ tí Johnson ì bá mọ̀. Kí ló wá dé tí ìwé náà kò fi lè gbé ibẹ̀? Ibùsọ̀ lásán ni Bridge City jẹ́ lójú ọ̀nà sí pápákọ̀ òfurufú. Redemption, ọ̀rẹ́ Elvis, fún un ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀, Amẹ́ríkà sì di ibi tí a ń lọ. Òwe ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Elvis kò ní ilé tí ẹnikẹ́ni lè wò mọ́, orúkọ ọlọ́rúkọ ló sì dáhùn sí nígbà tí wọ́n pè é kó wá wọ ọkọ̀ òfurufú. Abani mọ iye tí dídé yìí ná Elvis. Ohun tí kò sọ ni ti àwọn tó kù lábẹ́ afárá, tí wọn kò ní ọ̀rẹ́ tó ní ìwé ìrìnnà. Ìwé náà fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ bí ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti Màrókò nìkan, a lè sọ pé àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì sún mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà jù, pé dídé kò tíì tó rí. Ṣùgbọ́n ìléni kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé ìjọba yóò wó àwọn ilé onípákó tó wà létí omi káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá, iná àti kátapílà dé Otodo-Gbame, àdúgbò àwọn apẹja Ègùn lẹ́bàá Lekki. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, Adájọ́ Adeniyi Onigbanjo ti ilé-ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé lílé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ láìsí ibòmíràn tí a pèsè fún wọn jẹ́ ìwà ìkà tó tàbùkù ọmọ ènìyàn, tó sì lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún yẹn, kátapílà tún padà wá, ohun tó kù ní Otodo-Gbame sì pòórá. Nínú eré Ṣóyínká, adájọ́ tí orí rẹ̀ dàrú ni kò sí ẹni tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní Èkó ọdún 2017, adájọ́ tí orí rẹ̀ pé pérépéré ni.

Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ló pàdánù ilé níbẹ̀. Púpọ̀ wọn sá lọ sí àwọn àdúgbò mìíràn lórí omi, àwọn kan ń sùn nínú ọkọ̀ ojú omi wọn. Ó yẹ kí ẹni tó ń pè wọ́n ní aláìnílélórí rántí Ganvié, lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Àwọn tó ń sá fún ogun akónilẹ́rú ló dé ibẹ̀, tí wọ́n kọ́ ilé orí òpó sínú omi. Irú ilé kan náà ni, iṣẹ́ ẹja kan náà ni, èdè wọn sì bá ti Ègùn tan. Ní Ganvié, arìnrìn-àjò ń sanwó kí wọ́n tó lè fi ọkọ̀ gbé e kọjá láàárín ilé wọ̀nyẹn.

Látàrí ìtàn Otodo-Gbame ni The Legend of the Vagabond Queen of Lagos ti jáde, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní ayẹyẹ fíìmù Toronto ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Àwọn tó ṣe é, tí àwọn ará irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn, ń jẹ́ Àgbájọwọ́, láti inú òwe tó sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Olùdarí méje ló sì fọwọ́ sí fíìmù kan ṣoṣo. Jawu, ọ̀dọ́bìnrin tó ń dá ọmọ rẹ̀ tọ́ ní àdúgbò orí omi kan tí wọ́n ń pè ní Agbojedo, rí owó tí olóṣèlú kan fi pamọ́, owó ẹ̀jẹ̀. Ṣé yóò fi gba ara rẹ̀ là ni, tàbí yóò fi bá àwọn ará àdúgbò rẹ̀ dúró nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé wọn?

Lámèyítọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ibi tí fíìmù ti wá gbójú fo ohun tó wà nínú rẹ̀. Owó tí a ṣèèṣì rí jẹ́ ọgbọ́n ìtàn tí àlọ́ ti lò gbó, àléébù rẹ̀ níbí sì ni pé ó fi ìdáhùn ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sínú àpò. Olóṣèlú oníwà ìbàjẹ́ náà kò jìnnà sí Colonel ti Abani: ojú kan péré ni wọ́n fún ohun tó ní ojú púpọ̀, láti orí ọ́fíìsì ilẹ̀ títí dé orí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́wàá síbẹ̀. Ní ti ta ló lé wọn, fíìmù yìí kò ju àwọn méjì ìṣáájú lọ. Ó tilẹ̀ kéré sí ti Ṣóyínká.

Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí àwọn yẹn kò ṣe. Nínú eré àti nínú ìtàn àròsọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé ìtàn, àdàmọ̀dì rẹ̀ sì ń bá a rìn. Nínú fíìmù yìí, èdè Ègùn wà lẹ́nu àwọn tó ni ín, òǹwòran Yorùbá pàápàá sì ní láti gbójú lé àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán. Ìyẹn yí ipò padà. Lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó, Ègùn ni àlejò, àtìpó tó wá pẹja. Nínú fíìmù, òǹwòran ni àlejò, àwọn ará Agbojedo ni onílé. Wọn kò tíì kúrò níbi kan, wọn kò sì wà lójú ọ̀nà ibì kan. Wọ́n ti dé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìdí nìyẹn tí ìléni tó ń bọ̀ fi hàn gẹ́gẹ́ bí ogun, tí kò dà bí ìmọ́tótó ìlú.

Àkọlé rẹ̀ ló wá kù, ó sì lè ju fíìmù náà fúnra rẹ̀ lọ. Ó so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n lè dúró papọ̀: ọbabìnrin, àti ẹni tó ń rìn kiri láìní ibùgbé. Kò sí ọba láìsí ìlú. Bí Jawu bá jẹ́ ọbabìnrin, ìlú ni Agbojedo, kátapílà tó ń bọ̀ sì ń bọ̀ wá tú ìlú ni. Bí ó bá jẹ́ alárìnkiri, kò sí ìlú tí a tú, ilẹ̀ kàn ni wọ́n gbá. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ àkọlé náà sí Yorùbá kò ní lè di ọ̀rọ̀ méjèèjì mú bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe dì wọ́n mú. Alárìnkiri àti ìsáǹsá dẹ́bi fún ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Aláìnílélórí fi olùṣe pamọ́. Ogunléndé dárúkọ ogun, ìjọba yóò sì jiyàn pé òun kò bá ẹnikẹ́ni jagun. Ọbabìnrin Àgọ́ wà níbẹ̀ ṣá, kò sì sí ìdí tí atúmọ̀ èdè kò fi lè mú un.